Cherokee àtijọ́ tí wọ́n pè ní 1997 Limited: báwo la ṣe ń mọ ọdún àti ìpele rẹ̀ gan-an?

ỌmọỌ̀tà (Columbus, Ohio)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kówó sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá jíìpù Cherokee àtijọ́, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 4.0 (lítà mẹ́rin) tí gbogbo èèyàn ń yìn. Bàbá òyìnbó kan ní ìlú kékeré tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀kan tó fẹ́ tà. Ó ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 1997 ni, ó tún ní Limited ni, ìyẹn orúkọ ìpele tó ga. Ìdí nìyẹn tí iye tó ń pè fi ga ju ti gbogbo àwọn tí mo ti yẹ̀ wò lọ. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ṣe ìwé rẹ̀, ìwé náà sì kọ 1997 lóòótọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé inú rẹ̀ kò jọ ti 1997 tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Iwájú rẹ̀ rí róbótó díẹ̀ bíi ti ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ gún, ó rí pẹlẹbẹ. Airbag wà lórí sítíárìn, kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, gíà rẹ̀ jẹ́ ọ́tò, ó sì jẹ́ 4x4. Wọ́n lẹ "Limited" mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ. Irú Cherokee wo ni èyí gan-an?

ÀràbàLádípọ̀ (Èkó)

Àbúrò, ojú ọkọ̀ ni kí o wò. Níbi tí mo ti ń ta páàtì ní Ládípọ̀, ojú la fi ń dá wọn mọ̀, a kì í gbé ìwé dání. Cherokee tí wọ́n ṣe láti 1984 títí dé 1996, gígún ni iwájú rẹ̀ gún. Ní 1997 wọ́n dín gígún yẹn kù, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2001. Bí ojú tìrẹ bá ti rí róbótó, 1997 ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà ọ́ lọ́kàn rú. Ìjókòó ni kí o fi mọ Limited. Bó bá jẹ́ awọ, Limited ni.

Ẹ̀gbọ́nToledo (Toledo, Ohio)

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Fẹ́ńdà àti iwájú Cherokee ṣeé tú kúrò, wọ́n sì ṣeé gbé wọ ọkọ̀ tó dàgbà jù wọ́n lọ. Mo ti rí i níbí lọ́pọ̀ ìgbà. Dáṣíbọ́ọ̀dù ló ṣòroó pààrọ̀, ìdí nìyẹn tí inú ọkọ̀ fi máa ń sọ òótọ́ tí ojú rẹ̀ bo mọ́lẹ̀.

ỌmọỌ̀tà, nọ́ńbà ṣáṣí ni kí o kọ́kọ́ kà. Dúró síta, wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, wàá rí i lórí irin pẹlẹbẹ kan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1981 ni gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ń ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún. Fún Cherokee tìrẹ, bó ṣe lọ nìyí: 1984 ni E, 1985 ni F, 1986 ni G, 1987 ni H, 1988 ni J, 1989 ni K, 1990 ni L, 1991 ni M, 1992 ni N, 1993 ni P, 1994 ni R, 1995 ni S, 1996 ni T, 1997 ni V, 1998 ni W, 1999 ni X, 2000 ni Y, 2001 sì ni nọ́ńbà 1.

Ibi méjì wà tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í kà. Wọn kì í lo I, O àti Q níbikíbi nínú nọ́ńbà ṣáṣí, torí wọ́n jọ 1 àti 0. Ní ipò ọdún, wọn kì í lo U náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í lo Z. Nítorí náà, láti T ó fò lọ sí V. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ka álífábẹ́ẹ̀tì láìmọ èyí yóò fi ọdún kan ṣìnà. Èkejì ni pé ipò kẹsàn-án jẹ́ ti àyẹ̀wò, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà yòókù péye. Ó lè jẹ́ 0 sí 9, ó sì lè jẹ́ X. Bí X bá wà níbẹ̀, má pè é ní 1999 o.

Wo ipò karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ pẹ̀lú, kí o kọ wọ́n síbí. Má kọ gbogbo rẹ̀ síta, tọ́jú nọ́ńbà mẹ́fà ìkẹyìn pamọ́.

ỌmọỌ̀tà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo pe bàbá náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ipò karùn-ún lọ, ó kà báyìí: J, 7, 8, S. Ìkẹwàá jẹ́ T. Ìkọkànlá jẹ́ L. Lára ilẹ̀kùn awakọ̀, bébà kan wà tó kọ 5-96 gẹ́gẹ́ bí oṣù tí wọ́n ṣe é.

Délé_H (Houston)

Bí wọ́n bá ṣe é ní oṣù karùn-ún 1996, kò burú láti pè é ní 1997. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń mú mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún tó ń bọ̀ jáde ṣáájú. Ford Bronco tí wọ́n ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 1966, oṣù kẹjọ 1965 ló jáde. Explorer 1991, 1990 ló ti wà ní ọjà. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yẹn má purọ́ rárá.

Ẹ̀gbọ́nToledo

Òótọ́ ni ohun tí Délé sọ nípa Bronco àti Explorer, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Oṣù tó wà lára ilẹ̀kùn ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ jáde ní ilé iṣẹ́. Ipò kẹwàá ń sọ mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ pè é. Bí àwọn méjèèjì bá yàtọ̀, ipò kẹwàá la máa tẹ̀ lé. Ká ní 9-96 ló wà lára ilẹ̀kùn, tí V sì wà ní ipò kẹwàá, 1997 ni à bá pè é. T ló wà níbẹ̀, nítorí náà 1996 ni. L tó tẹ̀ lé e ni àmì ilé iṣẹ́ Toledo níbí.

Inú ọkọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1995 ni airbag awakọ̀ dé inú Cherokee. Ní 1997 tí wọ́n tún un ṣe ni ti ẹnìkejì tó dé pẹ̀lú dáṣíbọ́ọ̀dù tuntun. Airbag kan, dáṣíbọ́ọ̀dù gígún: 1995 tàbí 1996. Wo abẹ́ sítíárìn pẹ̀lú. Bí o bá rí ihò ẹlẹ́nu 16 tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí, kì í ṣe 1995, torí láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1996 ni òfin ti fi dandan lé e fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké ní Amẹ́ríkà.

ÌyáÌbejì (Maryland)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Limited, torí ibẹ̀ ni owó wà. Mo ti wa Cherokee Country ti 1995 fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ka gbogbo ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀.

Limited wà nínú Cherokee ní ìgbà méjì ní Amẹ́ríkà. Àkọ́kọ́ jẹ́ láti 1987 dé 1992. Èkejì jẹ́ láti 1998 dé 2001. Láàárín ìgbà méjì yẹn, láti 1993 dé 1997, kò sí Cherokee kankan tó ń jẹ́ Limited. Country ló wà lókè pátápátá nígbà náà, Sport tẹ̀ lé e, SE sì wà nísàlẹ̀. Nítorí náà "1997 Limited" kò sí, "1996 Limited" náà kò sí. Yálà ọdún ọkọ̀ náà jẹ́ èyí tí bàbá pè tàbí èyí tí a kà níbí, orúkọ yẹn kò lè jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀, ẹ máà bínú, ìjókòó awọ kì í ṣe ẹ̀rí. Country lè ní awọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè ra ìjókòó awọ láti ara ọkọ̀ mìíràn kó dì í mọ́ tirẹ̀.

Wàyí o, ohun tí ọmọ wa kọ: J ni 4x4. Ká ní ẹ̀yìn nìkan ló ń fa ọkọ̀ ni, T ni ì bá wà níbẹ̀. 8 tó wà ní ipò keje ni ilẹ̀kùn mẹ́rin, ká ní 7 ló wà níbẹ̀ ni, ilẹ̀kùn méjì ni ì bá jẹ́. S ni ẹ́ńjìnnì 4.0. 7 tó wà ní ipò kẹfà ni ìpele rẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn, 2 ni SE, 6 ni Sport, 7 ni Country. Ọmọ mi, Country ni.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, fọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú àti fẹ́ńdà dáadáa, kí o wò ó ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ nígbà tí oòrùn bá wà. Níbi tí àmì bá ti lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ kì í ṣá bíi ti ìyókù, àwòrán lẹ́tà náà máa ń hàn fírífírí kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ fẹ́ńdà, ilẹ̀kùn ni kí o gbájú mọ́. Tún mú òòfà dání lọ, irú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi ń lẹ nǹkan mọ́ fíríìjì. Gbé e lé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè. Láti 1984 dé 1996, ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe irin, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é. Láti 1997 ló ti di irin. Bí òòfà bá jábọ́, o ti mọ ohun tó wà níwájú rẹ.

ÀràbàLádípọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ti òòfà yẹn dára, mo máa lò ó fún èyí tó bá wọ ọjà wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà kò tíì sọ. Bí iwájú 1997 bá wà lára 1996, ẹnì kan ló gbé e wọ̀ ọ́. Kí ló dé tó fi gbé e wọ̀ ọ́? Nínú àwọn tó ń wọ̀lú wá sọ́dọ̀ wa, ìkọlù ló sábà máa ń fà á: ọkọ̀ forí gba nǹkan, wọ́n wá ra iwájú tó bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Àbúrò, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wo irin gígùn méjèèjì tó ti iwájú wọlé lọ sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá ká, tàbí tí ọ̀dà rẹ̀ yàtọ̀, tàbí tí o rí ibi tí wọ́n ti jó o ní irin, ìyẹn ju ọ̀rọ̀ Limited lọ. Cherokee kò ní ṣáṣí tó dá dúró lábẹ́ bíi ti Bronco tàbí Suburban, ara ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ṣáṣí rẹ̀. Bí irin yẹn bá ti wọ́, táyà kò ní jẹ déédéé mọ́, o ó máa ra táyà ṣáá ni. Wo bí àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà ṣe rí, ọ̀tún àti òsì. Bí ìka rẹ bá wọ ẹ̀gbẹ́ kan tí kò wọ èkejì, béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa.

Mẹkáníìkì_Dallas

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀ sọ ọ̀rọ̀ gidi. Èmi gan-an kò ka orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn sí. Country, Sport, Limited, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà níbẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ kéèyàn sanwó fún.

Àkọ́kọ́, ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Bí wọ́n bá kọ "Full Time" sí ọ̀kan nínú àwọn ipò rẹ̀, Selec-Trac ni, ìyẹn NP242. Èèyàn lè lo 4x4 rẹ̀ lórí títì gbígbẹ láìba nǹkan jẹ́. Bí "Part Time" nìkan bá wà, Command-Trac ni, NP231. Òun náà lágbára gan-an, àmọ́ ojú òjò, yìnyín tàbí ilẹ̀ ẹrẹ̀ nìkan ni kó o ti lò ó.

Ìkejì, dùbúlẹ̀ kí o wo ìdérí áàsìlì ẹ̀yìn. Bí ìsàlẹ̀ ìdérí náà bá tẹ́, Chrysler 8.25 ni. Bó bá rí bí ẹyin, tí ìdí rọ́bà kékeré sì wà lára rẹ̀, Dana 35 ni, òun ló jẹ́ aláìlágbára nínú wọn. Bí ọkọ̀ náà bá ní ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, Dana 35 lo sábà máa bá níbẹ̀.

Ìkẹta, má jẹ́ kí ó dùn ọ́ pé 1996 ni. Àwọn tó ń sá tẹ̀ lé ọdún tuntun kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ 4.0 ti 2000 àti 2001 ló ní orí ẹ́ńjìnnì (cylinder head) tí nọ́ńbà 0331 wà lára rẹ̀, tó máa ń sán láàárín sílíńdà kẹta àti ìkẹrin. Omi á wá dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Tìrẹ kò sí lára wọn. Kò sì sí lára àwọn ti 1987 dé 1990, tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì wọn ń gba inú ìgò oníke kan kọjá, tí ìgò náà sì máa ń bẹ́.

ÌyáÌbejì

Mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà ń gba owó orí orúkọ yẹn, kò gba owó orí áàsìlì. Bí ọmọ wa kò bá mọ orúkọ tó tọ́, kò ní mọ ibi tí ó ti máa dúnàádúrà. A nílò méjèèjì.

Akin_Ìbàdàn

Ẹ kú àdúgbò o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bákan náà ni ti Ford Explorer? Mo ní ọ̀kan tí wọ́n ní ìpele Eddie Bauer 1998 ni. Ipò kẹwàá jẹ́ W. N kò rí Eddie Bauer nínú nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀.

Délé_H

W ni 1998, ìyẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n o kò lè rí Eddie Bauer nínú nọ́ńbà ṣáṣí Explorer ìgbà yẹn. Ipò karùn-ún sí ìkeje ń sọ iye ilẹ̀kùn àti 4x4 nìkan: U34 ni ilẹ̀kùn mẹ́rin oní 4x4, U32 ni ilẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ̀yìn nìkan ń fà. Ipò kẹjọ ni ẹ́ńjìnnì: X ni 4.0 àtijọ́, E ni 4.0 tuntun tí wọ́n ń pè ní SOHC, P ni 5.0 V8. Fún ìpele, bébà ara ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí o kà, kóòdù ọ̀dà àti kóòdù inú ọkọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí 1998 tó rọrùn jù ni ẹ̀yìn rẹ̀. Láti 1998, orí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni nọ́ńbà ọkọ̀ wà. Bí ibi nọ́ńbà bá wà lára bọ́ńpà, ti ọdún tó ṣáájú ni ẹ̀yìn yẹn. Jọ̀wọ́ wo táyà rẹ̀ náà, pàápàá èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ bí àpamọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà, Explorer ló sì wọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Táyà tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà lára ọkọ̀ kankan mọ́.

ỌkọỌlọ́mọ (Atlanta)

Kí n fi ti GM (General Motors) kún un fún ẹni tó bá ń ra Suburban tàbí Tahoe àwọn ọdún 1990. Ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bébà kan wà níbẹ̀ tó kún fún kóòdù oní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta. Gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ fi sínú ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀. G80 ni áàsìlì tó ń ti ara rẹ̀ pa bí táyà kan bá ń yí lásán. L31 ni ẹ́ńjìnnì 5.7 Vortec tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Z71 ni ti ọ̀nà gbágungbàgun. Ìlẹ̀mọ́ Z71 wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní Z71 nínú bébà.

Ẹ̀gbọ́nToledo

Jeep kò ní irú bébà yẹn, ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta Jeep tuntun lè fi nọ́ńbà ṣáṣí tẹ ìwé ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà jáde, bí èèyàn bá bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, náà ní ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ nọ́ńbà ṣáṣí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára fún ọdún àti ẹ́ńjìnnì, àmọ́ fún ọkọ̀ tó ti dàgbà, ó lè má sọ ìpele.

ỌmọỌ̀tà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo padà lọ wò ó. Òòfà kò dúró lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rárá. Ihò ẹlẹ́nu 16 wà lábẹ́ sítíárìn. Mo fi omi ọṣẹ fọ ilẹ̀kùn iwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ kí n lè wò ó ní ẹ̀gbẹ́: C hàn, O hàn, N-T-R-Y sì hàn lẹ́yìn wọn. U nìkan ni mi ò rí dáadáa. Ọ̀pá kékeré náà kọ "Full Time". Ìdérí áàsìlì ẹ̀yìn tẹ́ nísàlẹ̀, kò sì ní ABS.

Irin méjèèjì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gún, ọ̀dà wọn jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Bàbá sọ fún mi pé ẹni tó tà á fún òun ló sọ pé àgbọ̀nrín ni ó kọlù, tó sì ba fẹ́ńdà àti iwájú jẹ́. Limited ni wọ́n pè é fún un, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe rà á. Ó ti gbà láti dín owó kù sí ti Country 1996. Ìbéèrè tó kù ni ìwé tó kọ 1997 yẹn. Ṣé kí n fojú fò ó?

Ẹ̀gbọ́nToledo

Má fojú fò ó o. Torí pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni ìwé náà ti wá, wọ́n máa yẹ nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ náà wò kí Ohio tó fún ọ ní ìwé tuntun, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà á ti hàn. Ṣáájú kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, ìwọ àti bàbá ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ti Clerk of Courts (akọ̀wé ilé ẹjọ́) ní káńtì yín, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa gbà láti ṣàtúnṣe ọdún náà. Kí nọ́ńbà 17 tó wà lórí ìwé, ti orí dáṣíbọ́ọ̀dù àti ti ara ilẹ̀kùn bára mu láìku ẹyọ kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Mẹkáníìkì_Dallas

Bí o bá rà á, lọ kọ èyí sí ibi tí o ti máa máa rí i: fún iná iwájú, fẹ́ńdà àti bọ́ńpà, páàtì 1997 ni kí o béèrè. Fún dáṣíbọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti gíláàsì rẹ̀, ti 1996 ni. Fún wáyà àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, fún wọn ní nọ́ńbà ṣáṣí, má sọ ọdún fún wọn rárá. Rọ́bà tó yí gíláàsì ẹ̀yìn ká ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni omi ti máa ń wọlé sínú búùtù àwọn ti fáíbà yẹn.